Kí ló ń yí ọlọ́kàn rere padà nígbà tó bá ń lépa agbára tí a kó jọ sójú kan?

Amòye_Kékeré béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ló máa ń sọ pé: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba àárín gbùngbùn, ká kó agbára jọ sọ́wọ́ wa, lẹ́yìn náà la ó wá pín in fún gbogbo èèyàn. Pípín yẹn kì í sábà wáyé. Àlàyé tí a máa ń gbọ́ ni pé owó àti ìgbádùn ló bà wọ́n jẹ́. Àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà wo gan-an ni ìyípadà náà ń bẹ̀rẹ̀, ṣé kí wọ́n tó dé ipò ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ibo ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn? Kí sì ni ẹgbẹ́ lè kọ sínú ìwé òfin rẹ̀ ṣáájú, tó ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàásù dá mi lóhùn. Àpẹẹrẹ tó ní ọdún nínú, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀, ni mo ń wá.

Onítàn_Àgbáyé fèsì:

Kí wọ́n tó dé ipò ni. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti gbà pé gbogbo nǹkan á dára bí àwa bá sáà ti débẹ̀, ọjọ́ náà ni òṣùwọ̀n ti yí padà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní àìdáa lánàá á di ohun tí a lè fara mọ́ fúngbà díẹ̀, torí pé ibi tí à ń lọ dára. Kò sí ẹni tó ń jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé òun ti kọ ìgbàgbọ́ òun sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wo Porfirio Díaz ní Mẹ́síkò. Tirẹ̀ wà nínú òfin orílẹ̀-èdè, èèyàn lè fi ìka tọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ní 1871 ó gbé ogun dìde sí ààrẹ Juárez torí pé Juárez tún padà sórí àlééfà, ó kùnà. Ní 1876 ó tún dìde, sí ààrẹ Lerdo lọ́tẹ̀ yìí, igbe kan náà ló sì ń ké: kí ààrẹ má ṣe jẹ tán kó tún jẹ. Ó borí. Ní 1878 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin lóòótọ́ pé ààrẹ kò gbọdọ̀ jẹ sáà méjì léra. Ní 1880 ó gbé ipò sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Manuel González. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá: ó pa òfin ara rẹ̀ mọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ó padà ní 1884. Ní 1887 wọ́n tún òfin ṣe kó lè jẹ sáà kan lé ti tẹ́lẹ̀. Ní 1890 wọ́n yọ ààlà náà kúrò pátápátá. Ní 1904 sáà ọdún mẹ́rin di ọdún mẹ́fà. Ọdún 1911 ló tó lọ, lẹ́yìn tí alátakò rẹ̀, Madero, ti fi igbe "kò sí jíjẹ lẹ́ẹ̀kejì" yẹn gan-an dìde sí i. Láti 1876 dé 1890 jẹ́ ọdún 14. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, àlàáfíà àti ìlọsíwájú sì ni wọ́n ń fi ṣe àwíjàre rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní ti owó tí ẹ mẹ́nu bà, ẹ wo Robespierre, aṣòfin ìgbà ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé. Inú ilé káfíńtà kan ló wọ̀ sí, Ẹni-Tí-Owó-Ò-Lè-Rà sì ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Karùn-ún 1791 ó dìde ní ilé ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fagi lé ìjìyà ikú. Ní Oṣù Kejìlá 1792 ó ní kí ọba kú. Kò sọ pé òun ti yí èrò òun padà lórí ìjìyà ikú o; ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ ti ọba yàtọ̀. "Tèyí yàtọ̀" ni kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn náà. Òfin ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà 1794, tí òun náà tì lẹ́yìn, mú agbẹjọ́rò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó sì fi ohun méjì péré sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́: ìdáǹdè tàbí ikú. Ní ọjọ́ 28 Oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ́ òun náà lórí, láìsí ìgbẹ́jọ́ kankan.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá àmì, ẹ má wo aṣọ tí olórí ń wọ̀ tàbí ilé tó ń gbé. Ẹ ka iye ìgbà tó ń sọ pé tèyí yàtọ̀.

Akọ̀wé_Àpérò fèsì:

Onítàn ti sọ ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Èmi á sọ ti ọ́fíìsì, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: ta ló ń yan akọ̀wé ẹ̀ka?

Stalin di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ Bolshevik, tó ń ṣèjọba ní Rọ́ṣíà, ní Oṣù Kẹrin 1922. Lójú àwọn gbajúmọ̀ ẹgbẹ́, iṣẹ́ ìwé ni, iṣẹ́ tí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lórí pèpéle kò ní jà sí. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì náà ló ń fi akọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka. Akọ̀wé ẹ̀ka ló ń darí bí wọ́n ṣe ń yan aṣojú lọ sí àpérò ńlá. Àpérò ńlá ló ń dìbò yan Ìgbìmọ̀ Àárín. Ìgbìmọ̀ Àárín ló ń fọwọ́ sí akọ̀wé àgbà. Bí òbírí yẹn bá ti lè pé, ẹ lè máa dìbò lọ ní gbogbo ọdún, kò ní yí nǹkan kan, torí pé ẹni tí ẹ fẹ́ dìbò yọ ló yan àwọn olùdìbò. Lenin, olórí wọn, rí i, ó ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kìíní 1923, lórí àìsàn, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n wá ọ̀nà yọ Stalin kúrò ní ipò yẹn. Oṣù Karùn-ún 1924, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tó ka ìwé náà sétí àwọn aṣojú. Wọn kò yọ ọ́.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà ìkà ẹnì kan. Robert Michels, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1911, ẹgbẹ́ SPD, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ní Jámánì, tí òun fúnra rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ tó bá tóbi nílò ẹni tó mọ ìwé owó, ẹni tó mọ òfin, ẹni tó lè kọ ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ wọ̀nyí ń gba ọjọ́ àti oru, nítorí náà ẹgbẹ́ á sanwó fún àwọn tó ń ṣe é. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ kò ní agbára láti yẹ ìwé wò. Ọpẹ́ ló máa ń dú. Olórí á wá máa wo ara rẹ̀ àti ẹgbẹ́ bí ohun kan náà. Ẹni tó bá bá a wí, lójú rẹ̀, ẹgbẹ́ ni onítọ̀hún ń bá jà. Kò parọ́ o, bó ṣe ń rí i gan-an nìyẹn, ohun tó sì le níbẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹjọ 1914, ẹgbẹ́ SPD yìí, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan, tó sì ti ń tako ogun láti ọdún pípẹ́, dìbò pé kí ìjọba yá owó láti fi jagun. Ọ̀kan nínú ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ìjọba lè tún fòfin dè wọ́n bíi ti 1878 sí 1890, kí ilé, owó àti ìwé ìròyìn wọn sì lọ sí i. Irinṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láti fi ṣiṣẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà rà padà. Ó dùn mí láti fi kún un pé Michels tó rí gbogbo èyí kedere wọ ẹgbẹ́ Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, nígbà tó yá.

Asẹ́_Ni fèsì:

Mi ò gbà pé agbára ń yí èèyàn padà tó bí ẹ ṣe ń sọ yìí. Asẹ́ ni. Ní gbogbo ìpele, ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe ohun kan tó burú díẹ̀ á jọ̀ bọ́, ẹni tó gbà á kọjá sí ìpele kejì. Lẹ́yìn ìpele mẹ́wàá, àwọn tó kù lókè kì í ṣe àwọn tí ìwà wọn yí padà. Àwọn tí kò sọ rárá rí ni. A kàn ń wo òkè lónìí, a ń fi í wé ìsàlẹ̀ àná, a wá rò pé èèyàn kan náà la ń wò.

Onítàn_Àgbáyé fèsì:

Asẹ́ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Díaz kan náà ló wà ní 1876 àti 1890, Robespierre kan náà ló wà ní 1791 àti 1794. Àwọn tó jọ̀ bọ́ pàápàá kì í dúró síta. Ní Oṣù Kọkànlá 1917, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Bolshevik gba ìjọba, èèyàn márùn-ún kọ̀wé fi Ìgbìmọ̀ Àárín sílẹ̀ torí pé ẹgbẹ́ kọ̀ láti bá àwọn ẹgbẹ́ sósíálíìsì yòókù ṣe ìjọba pọ̀: Kamenev, Zinoviev, Rykov, Nogin àti Milyutin. Ohun tí wọ́n sọ nígbà náà tọ̀nà: ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rù ló máa gbé e ró. Zinoviev padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn yòókù náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìta tutù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu, ẹni tó bá wà níta kò ní ọwọ́ kankan níbẹ̀. Ní 1936 wọ́n yìnbọn pa Kamenev àti Zinoviev. Ní 1938, Rykov.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi mú wọn. Àpérò kẹwàá ẹgbẹ́ náà, ní Oṣù Kẹta 1921, fòfin de igun nínú ẹgbẹ́, pẹ̀lú abala kan tí wọ́n pa mọ́: bí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ìgbìmọ̀ Àárín bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè lé ọmọ ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ jáde. Pàjáwìrì ni wọ́n pè é. Àwọn atukọ̀ ogun Kronstadt ti ṣọ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Trotsky, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà, kò tako òfin yẹn. Òun yìí kan náà ló ti kọ ọ́ ní 1904 pé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ á gba ipò ẹgbẹ́, Ìgbìmọ̀ Àárín á gba ipò ọ́fíìsì, ẹnì kan ṣoṣo á sì gba ipò Ìgbìmọ̀ Àárín níkẹyìn. Ní 1927 wọ́n fi ẹ̀sùn igun lé e jáde kúrò nínú ẹgbẹ́.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gánà. Ní 1948 ìjọba òyìnbó mú àwọn tó ń jà fún òmìnira, Nkrumah, Danquah àti Ako Adjei, pa pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé láìgbẹ́jọ́. Ní 1958 ìjọba Nkrumah ṣe òfin tó jẹ́ kí wọ́n lè ti èèyàn mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìgbẹ́jọ́. Ako Adjei wà nínú ìjọba náà. Ní 1962 wọ́n fi òfin yìí mú Ako Adjei lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù lu Nkrumah ní ìlú Kulungugu. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 1963, Nkrumah yọ adájọ́ àgbà, Korsah, nípò. Ako Adjei kò sì rí ìta títí di 1966. Danquah kú sẹ́wọ̀n Nsawam ní Oṣù Kejì 1965. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Nkrumah ní 1966, àwọn náà ń ti èèyàn mọ́lé láìgbẹ́jọ́.

Èmi ò tíì rí ìdánwò tó dára ju èyí lọ fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe òfin: ẹ fi òfin náà sọ́wọ́ ọ̀tá yín tó burú jù nínú ọkàn yín, kí ẹ tó dìbò.

Amòye_Kékeré kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti òbírí akọ̀wé yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká wá dé ìwé òfin. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń dábàá ni pé kí a sáà máa pààrọ̀ olórí lóòrèkóòrè. Ṣé ó tó?

Alábòójútó_Ìwé_Òfin fèsì:

Kò tó. Bí ẹ bá pààrọ̀ olórí nìkan, agbára á ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni tí òfin yín kò mẹ́nu bà.

Ẹgbẹ́ Green ti Jámánì, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún ààbò àyíká, dán an wò dáadáa. Ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni wọ́n fi wọ ilé aṣòfin ní 1983. Wọ́n ti fi òfin sílẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún méjì, aṣojú kọ̀ọ̀kan á gbé àga fún ẹlòmíràn. Ọdún méjì ni èèyàn fi ń mọ bí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n báyìí, ó di dandan kó lọ. Àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn tó ń lọ ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Petra Kelly, tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn, kọ̀ láti gbéra, kò sì sí ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe, torí pé lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè, aṣojú ló ni àga, ẹgbẹ́ kọ́. Kí ọdún 1990 tó dé, wọ́n ti fi ètò ọdún méjì náà sílẹ̀. Bákan náà, Robespierre ló dábàá ní 1791 pé kí àwọn aṣòfin tó wà níjòókòó má ṣe padà sí ilé aṣòfin tó ń bọ̀. Èrò tó mọ́ ni. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ilé aṣòfin tí kò ní ẹni tó ti ṣe é rí, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n jókòó sí ẹgbẹ́ òṣèlú Jacobin níta, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń le sí i.

Àwọn ará Áténì àtijọ́ mọ̀ pé ó nílò ohun mìíràn. Kèké ni wọ́n fi ń yan ọmọ ìgbìmọ̀ 500 lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá dipò mú ló gbọ́dọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lópin sáà, kò sì lè kúrò nílùú kí àyẹ̀wò tó parí. Àyẹ̀wò yẹn ló ṣe pàtàkì ju kèké lọ, lójú tèmi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, International Typographical Union, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1852. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, síbẹ̀ igun méjì ló wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń bára wọn díje ní gbangba, olórí tó wà nípò sì máa ń fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Kí ló mú un ṣeé ṣe? Owó oṣù olórí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti atẹ̀wé lásán lọ, iṣẹ́ atẹ̀wé sì níyì, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá dìbò yọ lè padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láìtijú. Ẹ̀ka ìlú kọ̀ọ̀kan ní owó àti àṣẹ tirẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn atẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ òru sì ní ẹgbẹ́ eré àti àríyá tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń mọ ara wọn láìgba ọ́fíìsì kọjá. Ẹ fi èyí wé ohun tí Akọ̀wé sọ nípa SPD. Olórí tí kò ní iṣẹ́ tó lè padà sí, ikú ló ń wò nínú ìdìbò; kò sí bí kò ṣe ní dì í mú.

Nítorí náà, bí èmi bá ń kọ ìwé òfin fún ẹgbẹ́, màá kọ ọ́ pé ẹ̀ka ló ń yan akọ̀wé ẹ̀ka, oríkò kò sì lè yọ ọ́. Màá kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo olùdíje ní ọjọ́ kan náà, pé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fún alátakò ní iye ojú ìwé kan náà, àti pé ẹni kejì tó ń fọwọ́ sí ìwé owó gbọ́dọ̀ ti inú igun tó fìdí rẹmi wá. Ìgbà tí kò tíì sí ìjà ni kí ẹ kọ ọ́. Bí ìjà bá ti dé, gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ á ti ní orúkọ ẹnì kan lára.

Akọ̀wé_Àpérò fèsì:

Màá fi ti ọjọ́ ìparí kún un. Agbára pàjáwìrì tó bá nílò ìdìbò kó tó parí kì í parí. Ẹ kọ ọ́ sódì kejì: kó kú fúnra rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ẹ sì máa wá bẹ̀bẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin Gúúsù Áfíríkà ti 1996 ṣe é dáadáa. Ìkéde pàjáwìrì kò lè ju ọjọ́ 21 lọ àyàfi bí ilé aṣòfin bá fà á gùn, kò sì lè ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìfàgùn àkọ́kọ́, ìbò tó pọ̀ jù ni. Láti ìkejì lọ, ó gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ṣe ń pẹ́ tó ni ó ń ṣòroó gbà tó.

Ẹnì kan tún wà tó gba gbogbo agbára tó sì gbé e sílẹ̀: José Figueres ní Costa Rica. Ó borí nínú ogun abẹ́lé ọjọ́ 44 ní 1948. Ibọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó jókòó ní Oṣù Karùn-ún, ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Otilio Ulate, ẹni tó wọlé ìbò tí wọ́n fagi lé: oṣù 18, lẹ́yìn náà ipò di ti Ulate. Àkókò wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó ń dúró dè é sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kejìlá 1948 ó tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká. Àwọn tí ará ìlú dìbò yàn láti kọ òfin tuntun kò gba ìwé tí ìjọba rẹ̀ gbé síwájú wọn, wọ́n lọ mú òfin 1871, wọ́n ń tún un ṣe. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 1949 ó gbé ìjọba fún Ulate, ó sì dúró di 1953 kó tó gba ìbò wọlé.